Aṣọ Òkú Tí Seon-ok Rán Fún Ìyá Ọkọ Rẹ̀

Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe Seon-ok ní oníjìbìtì. Ogójì ọdún la ti jọ ń gbé ládùúgbò. Aṣọ òkú ló ń rán ní Andong wa níbí, nílẹ̀ Kòríà. Igbó la fi ń hun ún, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìta ń fà o. Èèpo rẹ̀ la máa ń bó, tí a ó fi eyín là á wẹ́wẹ́. Aṣọ náà máa ń bá òkú jẹrà ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí eyín àwọn méjèèjì ò gbé e mọ́, Seon-ok ní kí oníṣòwò kan lókè òkun máa fi aṣọ ránṣẹ́. Ó dáná sun àpẹẹrẹ tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án, eérú ló dà, kò yọ́ bí ọ̀rá. Ó ní kí wọ́n kó ogún ìdì wá.

Ìdì pẹ́ kó tó dé. Oṣù àfikún, tí kì í wá lọ́dọọdún, ti fẹ́ parí, oṣù tí àwọn ẹ̀mí kì í ṣọ́ni, tí ọmọ lè rán aṣọ òkú fún òbí tó ṣì wà láàyè. Seon-ok wo aṣọ tó wà lókè ìdì, ó dára. Kò yẹ ti ìsàlẹ̀ wò. Ti ìyá ló kọ́kọ́ rán.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìsìnkú ìyá, ìjọba ní títì máa gba ibi sàréè kọjá. A lọ hú egungun. Aṣọ wà níbẹ̀ digbí, ó lẹ̀ mọ́ egungun. Ọ̀rá ni wọ́n hun mọ́ ọn.

"Ìyàwó wa!" Byeong-ho, àbúrò ọkọ rẹ̀, pariwo. "Kí lẹ fi di ìyá mi báyìí?"

"Aṣọ tí mo rà ni."

"Ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bú aṣọ ẹlòmíì!"

"Mo wo ti òkè."

Ó kúnlẹ̀, ó ń bó aṣọ náà kúrò lára egungun lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ má bínú." Kò sẹ́ni tó lè bá a ṣe é.

Nígbà tí a délé, ó gbé aṣọ òkú tirẹ̀ jáde. Inú ìdì kan náà ló ti gé e.

"Mú un wá, kí n lọ sun ún," mo ní.

"Rárá. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, èyí ni kó o wọ̀ fún mi."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ṣebí o fojú ara ẹ rí i lónìí!"

"Mo rí i. Ohun tí mo fi di ìyá náà ni kẹ́ ẹ fi dì mí."

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Aṣọ náà wà nínú yàrá mi títí dòní, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá màá lè ṣe é.