Ìpè Tí Mo Kọ̀ Láti Jẹ́

Bí ẹ bá béèrè mi lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò wa ní Ayétòrò, wọn á ní ẹnu mi kì í sinmi, wọn á sì ní ẹ̀rù kì í bà mí. Ti ẹnu yẹn, òótọ́ ni. Ti ẹ̀rù, irọ́ gbáà ni. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ẹ̀rù ló ń jí mi láàárọ̀, òun náà ló ń bá mi tẹ́ ẹní lálẹ́.

Ìròyìn ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní àwọn kan ń jí èèyàn gbé lápá Àfọ̀n lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n kálukú wa ló mọ ẹni tó mọ ẹni tí wọ́n gbé. Oko ẹ̀gẹ́ tiwa wà lọ́nà Jóga. Láti ojú títì, ẹsẹ̀ la fi ń rìn wọ inú rẹ̀, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀ rárá.

Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ oko ẹlòmíràn kọjá, dandan ni kó kí i, bí kò tilẹ̀ rí i. Á ké sínú oko pé, "Àroko bọ́dún dé o!" Ẹni tó ń ro oko á dáhùn láti ibi tó wà pé, "Àṣẹ o!" Ẹni tó bá kọjá láìkí, ẹjọ́ rẹ̀ á délé kó tó délé. Nígbà tí ìròyìn yẹn dé, gbogbo wa dákẹ́. Bí a bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ṣe là ń lúgọ. Àwọn àgbà tún rán wa létí ohun tí wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré, pé èèyàn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí nínú igbó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, iwin ni wọ́n ní ó ń pe èèyàn. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní àwọn ajínigbé ni, pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sín ohùn èèyàn jẹ.

Àwa obìnrin mẹ́rin la jọ ń lọ sóko kí ẹ̀rù má baà pa wá. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, àwọn mẹ́ta yòókù lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìlaró. Ọkọ mi ti gbé ẹrù lọ sí Ìdìróko. Ọkọ̀ tó máa kó ẹ̀gẹ́ wa ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, ìdajì ẹ̀gẹ́ náà ṣì wà nínú ilẹ̀. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò pé kò sí ẹni tó lè lé mi kúrò lóko bàbá ọkọ mi. Ẹnu mi ló lé mi lọ, kì í ṣe ìgboyà.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá, oòrùn sì ti mú. Mo ń fa ẹ̀gẹ́ tu, mo ń ka ẹsẹ Àlùkùránì tí bàbá mi kọ́ mi fún ààbò, nígbà tí ohùn kan dún láti apá ibi tí oko wa ti bá ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pààlà, níbi tí igi kaṣú wà.

"Ìyàwó!"

Mo sùn gbalaja sáàárín ebè méjì, mo ki ojú bọ ilẹ̀. Ohùn náà tún pè lẹ́ẹ̀kejì, ó sì pè lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ti há, ó sì ń fà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo mọ ohùn náà. Mi ò mọ̀ ọ́n dájú débi pé mo lè búra, ṣùgbọ́n inú mi sọ fún mi pé ohùn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ẹ̀rù náà wá sọ tirẹ̀. Ó ní torí pé mo mọ̀ ọ́n gan-an ni mi ò ṣe gbọdọ̀ dáhùn, ohùn tí èèyàn mọ̀ ni wọ́n fi ń tan èèyàn. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó bò mí, kó má jẹ́ kí ẹni tó ń wá mi rí mi. Mi ò gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ohùn náà dákẹ́. Mo ní àdúrà ti gbà. Mo rákò títí mo fi dé ojú ọ̀nà, mo sáré dé títì, mo gun ọ̀kadà. Apẹ̀rẹ̀ mi àti ẹ̀gẹ́ tí mo ti tu ṣì wà lóko.

Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi títí mo fi kírun Àlásàrì. Mi ò tíì dìde lórí ẹní nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kanlẹ̀kùn. Ó ní ọkọ òun ti lọ sóko láti ìdájí, kò wá jẹun, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Ó béèrè bóyá mo rí i lóko.

Mo ní mi ò rí wọn.

Mi ò kúkú purọ́. Mi ò fi ojú rí wọn. Ó dúpẹ́, ó yí padà, ó ń lọ béèrè nílé kejì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo ayé á mọ ohun tí mo ṣe. Bí mi ò bá sì sọ̀rọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá ọkùnrin náà nínú igbó. Ẹ̀rù méjèèjì dì mí mú, n kò sì mọ èyí tó wúwo jù. Ó ti fẹ́ kọjá kànga kí ẹnu mi tó là.

"Ìyá wa, ẹ dúró. Mo gbọ́ wọn."

Ó wò mí. Kò béèrè ìgbà tí mo gbọ́ wọn. Ó sáré lọ pe àwọn ọkùnrin.

Èmi àti ọkùnrin mẹ́rin la gun ọ̀kadà lọ. Nígbà tí a dé inú oko, kò sí ẹni tó fẹ́ ké nínú wọn, ẹ̀rù ń ba àwọn náà. Wọ́n ní èmi ni mo mọ apá ibẹ̀, kí n pè. Mo pe ẹ̀gbọ́n títí ọ̀fun fi ń dùn mí, kò sí ẹni tó dáhùn. Mo rò pé wọ́n ti kú, mo sì rò pé èmi ni mo pa wọ́n.

Abẹ́ kaṣú la ti rí wọn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣán ìdí igi ni àdá ti yọ̀ gé wọn lójúgun. Wọ́n fi ẹ̀wù wọn di ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti gan mọ́ ọn. Ojú wọn là, ètè wọn gbẹ. Ọkùnrin méjì gbé wọn sáàárín ara wọn lórí ọ̀kadà. Dókítà tó gbà wọ́n sọ pé bó bá di àṣálẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Gbogbo àdúgbò wá ń yìn mí. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe èmi ni, ẹ̀gbọ́n ì bá ti kú. Mò ń se oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n, mò ń fọ aṣọ wọn, mo ń dá ìyìn náà dúró, wọn ò gbà. Bí mo bá dé orí ẹní ìrun, tí mo fẹ́ tọrọ ààbò, ahọ́n mi á wúwo. Wọ́n máa ń ní àdúrà ló ń gbé èèyàn dúró nígbà ìṣòro, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló wà nínú àdúrà tí mo gbà láàárín ebè yẹn, ìyẹn sì ń bà mí nínú jẹ́. Mo padà sóko lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù náà bá mi lọ, ó sì tún bá mi bọ̀.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, mo bá ẹ̀gbọ́n níwájú ilé, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ìyàwó wọn lọ sọ́jà. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pè mí, mo ní mo mọ ohùn wọn.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo rí ẹ nígbà tí o sùn sáàárín ebè. Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn. Mo ní bí mo bá tún pè, o máa sá wọnú igbó, o ò sì ní mọ ọ̀nà."

Wọ́n béèrè bóyá mo tètè rí ọ̀kadà tó gbé mi délé lọ́jọ́ náà. Mo ní mo rí. Wọ́n ní Ọlọ́run ṣeun, pé ohun tí àwọn ń rò lábẹ́ kaṣú ní gbogbo ọ̀sán yẹn nìyẹn.