Ẹ̀kọ Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Mi

Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí tábìlì mi tí mo fi rúlà fa ìlà sí fúnra mi. Òpó mẹ́ta ni mo pín ojú ewé rẹ̀ sí: àkókò, ohun tí ìyá mi jẹ, àti iye ṣíbí tí wọ́n gbé mì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, ó máa ń ṣòro fún mi láti gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí dókítà sọ fún wa pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ìyá mi ti kọjá agbára oògùn, pé kí a gbé wọn padà sílé ní Ìlá, kí a sì jẹ́ kí ara tù wọ́n títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, ohun àkọ́kọ́ tí mo rà ni ìwé yẹn.

Ohun kejì tí mo ṣe sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ: mo wá ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Ọmọ Òkè-Ìlá ni, obìnrin tí ó ti tó ẹni ogójì ọdún, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí ó ti pẹ́ nídìí ìtọ́jú àwọn tí ilé ìwòsàn dá padà sílé. Àràárọ̀ ni ọ̀kadà máa ń já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Yóò fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, yóò kúnlẹ̀ létí ibùsùn, yóò sì sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é: "Màmá, mo fẹ́ yí yín sí apá òsì o. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi tutù díẹ̀." Bí wọ́n tilẹ̀ ń sùn, kò ní ṣàì sọ ọ́. Mo bi í léèrè ìdí.

"Ara wọn ni, sà," ó dá mi lóhùn. "Èèyàn kì í wọ ilé onílé láì kágò."

Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá mi ti fẹ́ràn rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pè é.

"Màmá, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Olùrànlọ́wọ́ ni mí."

"Ṣé mo bi ọ́ ní sàtífíkéètì ni? Wá yí mi jàre. Ẹni tí sàtífíkéètì rẹ̀ kún ilé nìyí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹní sábẹ́ arúgbó."

Òótọ́ ni. N kò mọ̀ ọ́n, ìyá mi kò sì ní gbà kí èmi ọmọ wọn ọkùnrin rí ìhòòhò wọn. Bí àkókò ìwẹ̀ bá tó, ojú ni wọ́n fi ń lé mi sóde. Kò wá sí ohun tí ó kù fún ọwọ́ mi àfi kí n fún wọn lóúnjẹ. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, n óò jókòó ti ibùsùn pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, n óò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹyọ kan sí i." Wọn a la ẹnu. Ṣíbí mẹ́fà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́wàá ni mò ń kọ sílẹ̀. Mo máa ń wo òpó kẹta yẹn bí ẹni ń wo èsì ìdánwò tí ó dára. Àwọn ará ìjọ tí wọ́n wá kí wa a sì máa wí pé, "Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o." Ta ni yóò fẹ́ kí ará ìlú sọ pé ebi ni ó pa ìyá òun?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbàgbé awò ojú mi sí yàrá wọn lẹ́yìn oúnjẹ. Mo padà lọ mú un. Ilẹ̀kùn kò tì tán. Mo rí i tí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì gbé orí ìyá mi lé apá, tí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ tútù wé ìka, tí ó sì ń yọ ẹ̀kọ kúrò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn díẹ̀díẹ̀ sínú abọ́ kékeré kan. Ẹ̀kọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sílẹ̀ ni.

"Ṣé ó ti lọ?" ìyá mi béèrè.

"Wọ́n ti lọ, Màmá. Ẹ tu èyí tó kù."

"Mélòó ló kọ lónìí?"

"Mẹ́wàá, mà."

"Káì! Ọmọ mi ń gbìyànjú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wọn.

N kò wọlé. Mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí awò lójú, títí obìnrin náà fi jáde wá da ohun inú abọ́ nù.

"Láti ìgbà wo?" mo bi í.

Ó kúnlẹ̀. "Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, sà. Ẹ foríjì mí, ó yẹ kí n ti sọ. Ẹ̀kọ yẹn lè ṣèèṣì gba ibi èémí lọ. Mo bẹ Màmá títí kí wọ́n jẹ́ kí n sọ fún yín, wọ́n ní kí n fi yín sílẹ̀ o. Wọ́n ní ẹ kò rí nǹkan mìíràn ṣe ni."

"Ebi kò wá pa wọ́n?"

"Kò pa wọ́n, sà. Ara tó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kì í béèrè oúnjẹ. Ẹnu wọn ló ń gbẹ."

Mo padà wọlé, mo sì jókòó sí àyè mi. Mo sọ fún ìyá mi pé kò sí ṣíbí mọ́, àfi bí wọ́n bá fúnra wọn béèrè.

"Ta ló tú àṣírí mi?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ni, mà."

"Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo kúkú ti kọ́ ọ. Ìwọ rò pé n kò mọ ìdí igi obì tí o máa ń lọ tu àgbo ibà sí ní kékeré?"

Láti bí ọgọ́ta ọdún ni mo ti gbà pé èmi nìkan ni mo mọ ìdí igi yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi ní iṣẹ́ tuntun. Ó fi hàn mí bí a ṣe ń rẹ òwú sínú omi, tí a ń fún un kí ó má baà kán sí ọ̀fun, tí a sì ń fi í pa ètè láti igun kan dé èkejì, kí a tó fi òrí díẹ̀ ra á. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo na ọwọ́, ó dá mi dúró: "Ẹ sọ fún wọn ná, sà." Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ fi omi pa yín létè." Ìyá mi pa ojú dé, wọ́n sì na ètè síwájú bí ọmọdé. Ìwé mi kò ní òpó fún ìyẹn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá, kí oòrùn tó kan àtàrí, mímí wọn jìnnà síra, ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí òwú ṣì wà lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà dúró pẹ́ kí ó tó pa ojú wọn dé. Lẹ́yìn náà ni ó lọ gbé omi ìwẹ̀ wá. Mo dìde, mo sì jáde, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́. Láti ìta, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Màmá, mo fẹ́ yí yín sí apá òsì o. Ẹ má bínú."