Ọbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n Gba Mẹ́sàn-án

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Lónìí ni mo fẹ́ ròyìn bí ìyá mi ṣe fi ìbínú wọ mọ́tò láti Ìlórò, ìlú wa, dé Ẹ̀fọ̀n, torí ọbẹ̀! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Omijé wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo ń rí àwọn ọmọ òde òní tí wọ́n ń wọ bàálù lọ sí ìlú òyìnbó torí ilé oúnjẹ kan tó lókìkí. Wọ́n á ya fọ́tò àwo oúnjẹ, wọ́n á gbé e sórí fóònù kí gbogbo ayé rí i. Wọ́n rò pé àwọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó tì o! Bàbá mi ti ń ṣe é nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí lẹ́tà ìjọba ń ti Àkúrẹ́ wá.

Wolé-wolé ni bàbá mi. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń wọ kákí, tí wọ́n ń yẹ inú àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ tó wà láti Ìpòtì dé Arámọ̀kọ dé Ẹ̀fọ̀n wà lára ibi tí Bàámi ń bẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì ń yẹ ilé ìdáná wò, ṣé kò ní yẹ inú ìkòkò wò ni? Oúnjẹ ni wọ́n fi ń ṣètò ìrìn àjò wọn. Wọ́n á ní kò yẹ kí èèyàn dé Ìpòtì ṣáájú aago mọ́kànlá, torí iyán ò tíì délẹ̀. Wọ́n á ní tí aago méjì bá ti lù, kí èèyàn má wulẹ̀ yà sí Ẹ̀fọ̀n mọ́, ìkòkò ti gbẹ. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn!

Màmá ní tiwọn kò jẹun níta rí. Lójú wọn, obìnrin tó nílé, tó lódó, kì í lọ jókòó sí búkà kí àwọn dẹ́rẹ́bà máa wo ẹnu rẹ̀. Bí Bàámi bá ti wà nílé, Màmá á gúnyán. Wọ́n á se ẹ̀gúsí wọn tó ní ọ̀nà tirẹ̀: wọ́n á di irú sínú ewé eéran, wọ́n á tì í bọ inú eérú gbígbóná, ó dìgbà tó bá jinná níbẹ̀ kó tó dénú ọbẹ̀. Ìyá tó bí wọn ló kọ́ wọn. Tí òórùn irú yẹn bá ti ń ta sánsán dé ìta, ebi á tún pa ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.

Bàámi ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á fi ọwọ́ òsì ti àwo síwájú díẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n bu sí i. Màmá á bu sí i. Mi ò gbọ́ “ó dùn” lẹ́nu bàbá mi rí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Bàámi wá kú. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìjerò nígbà náà, mo sì ń wá sílé ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀. Màmá sunkún títí ojú wọn fi wú, ṣùgbọ́n wọn ò pa odó tì. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣì ń gún iyán kékeré kan, wọ́n á sì jẹ ẹ́. Àwa ọmọ ń dúpẹ́ pé ara wọn máa balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni mo wá ba nǹkan jẹ́. Ẹnu mi yìí!

Lọ́jọ́ kan, mò ń tú àpótí Bàámi, mo rí ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan nínú àpò kákí wọn. Mo ṣí i. Àṣé gbogbo ilé oúnjẹ tí wọ́n ń dé ni wọ́n ń fún ní máàkì! Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó máa pa Màmá náà lẹ́rìn-ín, ni mo bá ń kà á sókè. Ìpòtì, lẹ́bàá ọjà: ọbẹ̀ ṣàn jù, mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Arámọ̀kọ, ilé alágbàlá ńlá: ẹran ìgbẹ́ dára, iyán ní kókó, méje. Ẹ̀fọ̀n, lẹ́yìn gáréèjì: kò sí ibi tí mo dé tó dà bí ibí yìí, mẹ́sàn-án.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Èmi ńkọ́? Kà á síwájú.”

Mo ṣí ìwé náà títí dé ẹ̀yìn. Kò sí Ìlórò níbẹ̀. Mo tún wá fi ìwà òmùgọ̀ kún un, mo ní bóyá Bàámi gbàgbé ni. Ta ló rán mi níṣẹ́?

“Wọ́n gbàgbé?” Ohùn Màmá rọlẹ̀ pátápátá. “Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi gúnyán fún bàbá yín, Fúnmi. Wọ́n wá gbàgbé.”

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Nígbà tí mo máa fi padà wálé ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti da odó dojú dé lẹ́yìnkùlé. Tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ. Ọmọ Èkìtì, tíì àti búrẹ́dì! Oṣù kan kọjá, oṣù kejì wọlé, bùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé àdúgbò wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tí wọn ò bá jẹun gidi, a máa gbé wọn dé ọsibítù. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti sin bàbá, ṣé ẹnu mi ni màá tún fi pa ìyá?

Mo sè, mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀. Tí mo bá gbé oúnjẹ dé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: “Gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n.”

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n ṣàdédé bi mí bóyá obìnrin Ẹ̀fọ̀n yẹn ṣì ń tà. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n mú wọn lọ, àwọn fẹ́ fi ojú àwọn rí i. Inú bí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ wò ó, ìbínú sàn ju kéèyàn kàn máa wo ògiri lọ. Mo gbé bírò, mo ṣètò ìrìn àjò wa gẹ́gẹ́ bí Bàámi ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú àkókò tí iyán ń délẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ ẹni tó ń wọkọ̀ lọ ìsìnkú, àwọn mọ ẹni tó ń wọkọ̀ lọ ìgbéyàwó, àwọn ò rí ẹni tó ń wọkọ̀ lọ jẹ iyán rí!

Ìpòtì la kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Màmá jókòó sí etí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó fẹ́ sá. Wọ́n mú òkèlè kan, wọ́n gbé e mì, wọ́n ní, “Mẹ́fà? Bàbá yín láàánú. Mẹ́rin ni.” Inú mi dùn! Ó kéré tán, nǹkan wọ ikùn.

Ní Sátidé kejì, Arámọ̀kọ la ti bẹ̀rẹ̀. Òkèlè méjì. Wọ́n fi ìka tẹ iyán náà wò, wọ́n ní, “Kókó wà níbẹ̀ lóòótọ́, bàbá yín ò purọ́.” Wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi “bàbá yín” yẹn. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

A wá wọ tasí Ẹ̀fọ̀n. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè, tí atẹ́gùn tútù ń wọlé, Màmá ń wo iwájú tààrà. Wọ́n ti wé gèlè bí ẹni tó ń lọ jẹ́rìí ní kóòtù, wọ́n di báàgì wọn mú gírígírí. Èmi náà ń rò ó lọ́kàn. Tó bá jẹ́ pé ọbẹ̀ obìnrin náà dùn ju ti ìyá mi lọ ńkọ́? Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọbẹ̀ nìkan ló wà láàárín Bàámi àti obìnrin yìí? Ẹ̀yin náà ti ń rò ó, àbí? Ẹ má dá mi lẹ́bi nígbà náà.

Ilé kékeré onípáànù ni, lẹ́yìn gáréèjì. Ó mọ́ tónítóní. Gbogbo àmù ló ní ìdérí, ọṣẹ àti omi ìfọwọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ wọlé, ni Màmá bá dì mí lọ́wọ́ mú. Wọn ò tíì rí ìkòkò, wọn ò tíì rí ènìyàn. Wọ́n kàn dúró, imú wọn ń ṣiṣẹ́.

“Fúnmi,” wọ́n ní, “inú eérú ni irú yìí ti jáde.”

Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà jáde sí wa. Ìyá Dúpẹ́ ni wọ́n ń pè é, ó kéré sí Màmá dáadáa. Ó ń kí wa káàbọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irú ló wà lọ́kàn Màmá. Wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se irú.

Ó wo Màmá, ó wò mí. Ó ní wolé-wolé kan ni, wolé-wolé Ìlórò. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi mọ ẹni tí a jẹ́. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ní, “Ẹ̀yin nìyàwó wọn!”

Ó wá ròyìn fún wa. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàámi wọ ilé òun, ṣe ni wọ́n tì í pa, torí tanwíjí wà nínú àmù òun. Ìgbà tí wọ́n padà wá ṣí i, kò sí oníbàárà kan tó kù, ó sì jókòó, ó ń sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n ní kó máa bo omi rẹ̀, kó sì wá ewé eéran wá. Bàámi nínú kákí wọn! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí àdògán, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn di irú, wọ́n tì í bọ eérú. Wọ́n ní bí ìyàwó àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, tó bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀, ebi ò ní pa á láyé.

Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti wá jẹun, ó máa ń béèrè iye máàkì tí òun gbà. Mẹ́sàn-án. Wọ́n tún wá, mẹ́sàn-án. Ó ní lọ́jọ́ kan inú bí òun, òun ní kí ni òun tún ṣe tí òun ò fi lè gba mẹ́wàá? Bàámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó má dààmú ara rẹ̀.

“Wọ́n ní, ‘Mẹ́wàá wà ní ulé.’”

Ulé. Bí Bàámi ṣe ń pe ilé gan-an nìyẹn, bí ará ìlú wa. Ọ̀rọ̀ kan yẹn, ṣe ló dà bíi pé mo gbóhùn wọn.

Màmá wá ibi kan jókòó. Wọ́n bi Ìyá Dúpẹ́ pé kí ló dé tí Bàámi ò sọ fún àwọn. Màmá sunkún, gèlè náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò tún un ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Wọ́n máa ń ti àwo síwájú. Mo rò pé ebi ni.”

Iyán dé, ó gbóná. Ọbẹ̀ tẹ̀ lé e. Màmá fọwọ́. Mo ń ka òkèlè bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ìgbà tó kọjá mẹ́wàá mo jáwọ́, torí mi ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n fara balẹ̀ jẹ ẹ́ títí àwo fi mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọwọ́ òsì, wọ́n ti àwo náà síwájú díẹ̀.

Ìyá Dúpẹ́ rò pé wọ́n ti yó. Ó fẹ́ kó àwo.

Mo ní, “Ẹ bu sí i fún wọn, ẹ jọ̀ọ́.”

Ká tó kúrò níbẹ̀, Màmá ti wọ ilé ìdáná lọ sọ fún un pé irú rẹ̀ ń pẹ́ jù nínú eérú! Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé wa tí mo ti ń gbọ́ ìró odó. Mo dúró síta, mo gbọ́ ọ tẹ́rùn kí n tó wọlé.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ṣòroó sọ. Bàámi yin ìyá mi títí dé Ẹ̀fọ̀n, àmọ́ kò yìn ín nílé. Díẹ̀ ló kù kí àṣìṣe yẹn gbé ìyá mi lọ. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ o, ó kàn jẹ́ pé àlejò ló gbọ́ ọ. Torí náà, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, gbogbo yín: ta ni mẹ́wàá tiyín? Ṣé ẹni náà sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín?