Ta Ló Ni Agbọ̀n Obì Wọ̀nyí?

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ má retí ìjàpá lónìí o.
Ta ni ká retí, Ìyá?
Ìdíátù olóbì, ní Sábó, ní Ṣàgámù.

Opó ni Ìdíátù, agbọ̀n obì mẹ́jọ péré ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí Lásúnkànmí, ọkùnrin tó ń gba owó orí, bá ti yọ lókèèrè, Ìdíátù a da àpò bo agbọ̀n, a jókòó, a fọwọ́ lẹ́rán.

"Ọmọ mi, obì olóbì ni mò ń bá wọn bó. Ohun tí n óo jẹ gan-an, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

Ọdún mẹ́fà ló fi sun ẹkún yìí. Ó mọ̀ ọ́n sun débi pé Lásúnkànmí fún un lówó búrẹ́dì lọ́jọ́ kan.

Ìgbà tó yá, Hàmdálátù, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá mọ́, rí ilé-ìwé wọ̀ nílùú òyìnbó. Àwọn tó ń fúnni ní ìwé ìrìnnà ní àfi kí ẹni tó rí jájẹ dúró fún un. Ìdíátù ní òun á dúró. Ó tọ Yésúfù àti Raqeebah lọ, olóbì bíi tiẹ̀, wọ́n gbé agbọ̀n tiwọn wá kún tiẹ̀ títí ó fi pé àádọ́ta. Ó wọ léèsì, ó jókòó sáàárín obì bí ìyàwó tuntun, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ẹni tó bá a kọ ìwé pè é ní Àlàájà. Mẹ́kà tí kò dé rí!

"Ẹ má tíì kó agbọ̀n yín o," ló bẹ̀ wọ́n, "wọ́n lè wá yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n wá lóòótọ́. Ta ló wá? Lásúnkànmí ni, fọ́tò lọ́wọ́! Ìdíátù ò mọ̀ pé àwọn oníwèé ìrìnnà àti àwọn olówó orí ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Lójú tiẹ̀, orogún ni ọ́fíìsì méjèèjì. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ jọ sọ?

"Ẹ kú oríire o, Àlàájà," ni Lásúnkànmí wí. "Wọ́n ní kí n wò ó bóyá ẹ̀yin lẹ ni obì yìí. Tó bá jẹ́ tiyín, ẹ ó san owó orí rẹ̀. Tí kì í bá ṣe tiyín, n óo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ọmọ yín ò sì ní lọ."

Ẹ̀rù owó orí ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ti Yésúfù ni ogún, ti Raqeebah ni méjìlélógún."

Òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ fún un láti ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ó gbójú sókè, ó rí Hàmdálátù lẹ́nu ọ̀nà, omi ti lé sójú ọmọ. Inú Ìdíátù bàjẹ́.

Lásúnkànmí ní kí wọ́n pe Yésúfù àti Raqeebah wá. Yésúfù rí ìwé owó orí, ó fò sẹ́yìn.

"Èmi kẹ̀? Níbo lèmi fẹ́ ti rí ogún agbọ̀n? Fìlà orí mi yìí gan-an, mo yá a ni!"

Raqeebah ò jẹ́ kí wọ́n bi òun tán. "Màmá ló ni gbogbo ẹ̀! Ìrẹ̀lẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn."

Ìdíátù wo èkíní, ó wo èkejì. Ó dìde, ó tún ìró ró.

"Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo ni ín."

Ìwé ìrìnnà jáde. Owó orí náà jáde, ó sì wúwo. Ìdíátù ta àádọ́ta agbọ̀n fún àwọn Haúsá tó ń kó obì lọ sókè Ọya. Ó san owó orí, ó fi ìyókù san owó ọkọ̀ òfuurufú ọmọ.

Ni Yésúfù bá figbe bọnu. "Ìyá àgbà Hàmdálátù, obì mi dà?"

"Obì wo? Jẹ́ ká lọ bi Lásúnkànmí, ó wà nínú ìwé ìjọba."

Yésúfù gbá fìlà mọ́rí, ó kọrí sílé. Raqeebah ò tilẹ̀ ya ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, Hàmdálátù ti dé ìlú òyìnbó, obì ti dé Kánò, ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì dé orí ẹní. Ó yá, ẹ lọ sùn.