Adìẹ Tí Wọ́n Dá Lẹ́sẹ̀ Nítorí Mi

Ọgọ́rùn-ún ebè ni mo fẹ́ kọ sí oko bàbá mi lọ́nà Ìpàpó kí ilẹ̀ tó gbẹ. Bàbá ti kú, èèbù iṣu rẹ̀ sì ku agbọ̀n kan ṣoṣo lọ́dọ̀ ìyá mi. Bí a kò bá gbìn ín lọ́dún náà, irú iṣu yẹn parí nílé wa nìyẹn.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. “Ahunṣọ! Òfì lo mọ̀. Kí lo fẹ́ fi ọkọ́ ṣe?”

Inú bí mi. Mo fi Àlùkùránì búra pé ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní kan ilẹ̀ oko náà lọ́dún yẹn. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni.

Ebè àkọ́kọ́ ni mo kọ, tí mo fẹ̀yìn rìn kí n lè wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ mi wọ ihò òkété. Mo gbọ́ ìró egungun náà kí n tó mọ̀ ọ́n lára.

Bàbá tó ń to egungun wá láti Òkákà. Ó di ẹsẹ̀ mi tán, ó mú adìẹ ìyá mi kan, ó dá a lẹ́sẹ̀, ó fi òògùn kan náà sí i, ó sì dì í bíi tèmi. Ó ní, “Ọjọ́ tí eléyìí bá rìn ni wàá tú tìrẹ.”

Láti kékeré, inú ọbẹ̀ nìkan ni mo ti ń wo adìẹ dáadáa. Ní báyìí, kò sóhun mìíràn tí mò ń wò. Ṣé ìrora tirẹ̀ náà máa ń le sí i bí oòrùn bá ń wọ̀? Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé egungun adìẹ àti tèèyàn jọ ń jinná? Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni mo kó o síyọnu? Mo ń da ọkà bàbà sílẹ̀ fún un, ó ń kọ̀yìn sí mi.

Nígbà tó dìde dúró, mo ká a sí fídíò, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá tó to egungun mi lórí wasáàpù. Bàbá náà pè mí lójú ẹsẹ̀.

“Ìdúró nìyẹn. Ó dìgbà tó bá fi ẹsẹ̀ yẹn walẹ̀. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Baba.”

Ọyẹ́ dé. Ilẹ̀ oko le gbagidi, èèbù sì ń jẹrà nínú agbọ̀n. Ìyá mi ìbá bẹ àwọn alágbàṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò lè fi ìbúra ọmọ àwọn ṣeré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, adìẹ náà rọra tiro lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ náà walẹ̀. Erùpẹ̀ tó ń tú jáde dúdú, ó tutù. Mo wò ó títí. Ilẹ̀ oko ni mo dárúkọ; ìbúra mi kò kúkú dé ibẹ̀.

Mo pe ìyá mi, mo na ọkọ́ sí wọn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ebè síbí.”

Wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n kọ ebè mẹ́fà. Mo jókòó sórí àpótí òfì mi, mò ń na èèbù sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà péré ló kù tí kò tíì jẹrà.