Pátákó Bàbà Dúrótoyè

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò bá ìjàpá lọ sóko. Àdúgbò wa, Ali Kazaure níbí, ló jókòó sí, ó dá lé Dúrótoyè àbúrò mi lórí.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti orí òkè dé orí òkè, láìsí wáyà, ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún táwọn sójà tún gbàjọba, wọ́n lé òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ni Olúgbóyèga ọ̀gá rẹ̀ bá ránṣẹ́ pè é: "Eríàlì wa ti bàjẹ́, òkè òkun ò fi òmíràn ránṣẹ́ mọ́. Bó o bá ṣe ọ̀kan tó ṣiṣẹ́, mo gbà ọ́ padà. Mo fún ọ di ọjọ́ Ajé."

Pátákó kan ṣoṣo tó lè fi ṣe eríàlì náà ni Dúrótoyè ní, pẹlẹbẹ bíi sílétì, tí wọ́n lẹ bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ lára. Ó fi kútẹ́ẹ̀sì tí Monica ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná ya ilà sí i, ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ń jẹ bàbà. Ibi tí kútẹ́ẹ̀sì bò nìkan ló kù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilà yìí lọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà. Bó bá fẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ á ṣẹ́rí padà."

"Àbí ọ̀rọ̀ ọ̀hún lẹ́sẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé mo rí pátákó náà lójú fèrèsé, bàbà rẹ̀ ti ṣú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ gbé e síwájú ọ̀gá? Bí ìyá wa ṣe ń fọ abọ́ idẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ṣe fọ̀ ọ́: eérú, iyanrìn, ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ń kọ mànà. Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbé e fún un.

Ilà kan lára rẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun ti ṣí kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi fọ̀ ọ́?" Kò pariwo. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí.

Lááwàlì tó ń tún rédíò ṣe bá a wá pátákó mìíràn. "Wàláhì, mo wá a dé àdúgbò Dadin Kowa. Bàbú, kò sí." Ni wọ́n bá yọ́ òjé, wọ́n fi so ibi tó já. Òjé náà wú bí ojú ọgbẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo tẹ̀lé e. Wọ́n so pátákó mọ́ ẹ̀rọ. Olúgbóyèga wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà títí. "Gbogbo ohun tá a rán ló ń padà wá."

Dúrótoyè kúnlẹ̀. "Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i, sà."

"Níbo lo ti máa rí pátákó?"

Mo ní èmi ni mo fọ̀ ọ́, kí wọ́n má fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ẹ́. Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ sílé."

Àdúgbò Rantya ni Dúrótoyè wà báyìí, ó ń bá Lááwàlì tú rédíò. Bó bá wá kí mi, kì í jẹ́ kí n bẹ òun. Á ní, "Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n mi." Kò tíì tán nínú mi.

Ó tó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ lọ tẹ́ ẹní yín, ẹ sùn.