Okùn Funfun Inú Ìgò

Ẹ̀kọ́ nípa bakitéríà, àwọn kòkòrò tójú lásán kò lè rí, ni mò ń kọ́ ní yunifásítì ní Ìbàdàn, nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò mi obìnrin bí kú ní Ìrókò. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn ni. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa á. Oògùn tó ti wo ọ̀pọ̀ ọmọ sàn ni wọ́n fún un nílé ìwòsàn, kò ràn án. Làwọn ará ilé bá ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ ìyá ọkọ àbúrò mi wà níbẹ̀. Àbúrò mi gbà wọ́n gbọ́. Kò kí ìyá náà mọ́.

Ilé ìwòsàn ti fi ìgbẹ́ ọmọ náà ránṣẹ́ sí yàrá ìwádìí wa, a sì ti rí kòkòrò tó pa á níbẹ̀. Ọ̀gá wa fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń yọ DNA rẹ̀, ìyẹn ohun tó gbé ogún ìran kòkòrò dání. Mo tọrọ àyè kí àbúrò mi wá wò ó, ọ̀gá gbà, ó sì wá.

A fi ọṣẹ tú kòkòrò náà ká, a rọra da sípírítì tútù lé e. Mo ki ọ̀pá gíláàsì bọ ìgò, mo ń yí i. Okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wé mọ́ ọn, ó ń fà bí ilá.

“Ṣé èyí ló pa ọmọ mi?”

“Kòkòrò ló pa á. Inú okùn yìí ni agbára tí kò jẹ́ kí oògùn ràn án wà.”

“Ta ló fún un lágbára?”

“Ó lè jẹ́ kòkòrò mìíràn. Wọ́n máa ń bù nínú okùn yìí fún ara wọn, kódà bí wọn kì í bá ṣe ìran kan náà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó mọ ọmọ mi ni?”

“Kò mọ ọ́n. Kò mọ ẹnikẹ́ni.”

“Kò sẹ́ni tó rán an?”

“Kò sẹ́ni tó lè rán an níṣẹ́.”

Láti ìgbà tí ọmọ náà ti kú, n kò rí omijé lójú rẹ̀ rí. Ọjọ́ náà ló sunkún, tí ọ̀gá wa fi rọra jáde fi wá sílẹ̀.

Mo sìn ín dé Ìrókò. Kò yà síbì kankan, yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbà lọ, ó kúnlẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ dárí jì mí.”

“Èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n bí o bá lọ sóko,” ni ìyá náà wí. “Látọjọ́ tó ti lọ, kò sẹ́ni tó kí mi pé mo kú àfẹ́kù.”

“Ẹ kú àfẹ́kù, ìyá mi.”

Ìyá fa àbúrò mi mọ́ra. Mo jáde sí gbangba, mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹkún wọn.